Fèrèsé tí Àánú Ṣí Nínú Kọ̀mpútà

Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ Ọládépò,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kìíní, 2025.

Àánúolúwapọ̀ ọmọ mi, òyìnbó ilé wa,

O kú òtútù o. Mo gbọ́ pé yìnyín ń bọ́ lọ́dọ̀ yín ní Leeds bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn àpò ẹ̀lùbọ́. Níhìn-ín, ọyẹ́ ti fa ètè mi ya débi pé mi ò lè rẹ́rìn-ín tán. Ìdajì ẹ̀rín ni mò ń rín báyìí.

Má bínú pé bírò ni mo tún fi ṣe é. Láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ ẹ lọ́wọ́, ni mo ti sọ pé mi ò tún bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ gidi lórí fóònù mọ́. Màá kọ ọ́, Waliyat á ya á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí ẹ. Bí tìẹ bá dé, á lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní àdúgbò Under G, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á ti ka lẹ́tà wa kí èmi tó kà á. Kí wọ́n kú kíkà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Ṣọ́ọ̀bù wa ṣókùnkùn. O mọ Waliyat, ọmọ àbúrò mi tó wà l'Ọ̀yọ́, tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Òun ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá báyìí, torí ọwọ́ tèmi ti ń gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tó jí ẹran. Tẹ́lẹ̀, a máa ń gbé máṣíìnì jáde sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti wá fẹ títì, eruku ọkọ̀ ò jẹ́ ká gbádùn aṣọ funfun mọ́. Nínú ilé ńkọ́, Waliyat ní òun ò rí òwú aró lórí aṣọ aró. Oníbàárà kan gbé agbádá tiẹ̀ padà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọnà ọrùn rẹ̀ wọ́ bíi títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí iṣẹ́ ọnà bá kúrò lọ́wọ́ wa, kí ló kù fún mi? Àtúnṣe sípù.

Wọ́n sì ní iṣẹ́ iná ni ìwọ ń ṣe lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé NEPA àwọn òyìnbó ni ọmọ mi wà, pé òun gan-an ló ń mú iná lọ. Waliyat wá ṣàlàyé pé ìwọ lo máa ń sọ ibi tí gílóòbù máa wà nínú ọ́fíìsì àti ilé iṣẹ́. Ó dáa. Sọ tiwa fún wa. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa júwe ṣọ́ọ̀bù fún ẹ, inú rẹ̀ lo ti kọ́ ìrìn.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ojú rẹ̀ ṣì ríran ju ti Waliyat lọ,
Gabriel Ọládépò.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àwàdà tí kì í tán. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó jókòó tì mí fi béèrè pé kí ló dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ẹ lè tún un sọ fún àdúgbò. Kí wọ́n tó kan gílóòbù kankan mọ́ àjà, èmi á kọ́kọ́ ya yàrá náà sínú kọ̀mpútà: bó ṣe gùn tó, àwọ̀ ògiri rẹ̀, ibi tí tábìlì wà, ibi tí fèrèsé wà àti ibi tí oòrùn ti ń yọ. Mo lè ní kó di ààrọ̀ oṣù Kẹfà, kí ojú ọ̀run sì ṣú. Á wá fi bí ìmọ́lẹ̀ tó máa bọ́ sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan ṣe máa pọ̀ tó hàn mí, níbi tó ti máa kéré àti ibi tó ti máa ta síni lójú. Bí kò bá dára, màá sún gílóòbù, màá tún un wò. Ẹnikẹ́ni ò ní tíì gun àkàbà.

Mo fi Sátidé kan gbáko ya ṣọ́ọ̀bù wa. Mi ò nílò téèpù. Mo di ojú, mo rí i: ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí títì, tábìlì tí ẹ ti ń gé aṣọ, àwọn máṣíìnì, àti fèrèsé ńlá apá ìlà-oòrùn, níbi tí Ìyá máa ń jókòó sí níta láàárọ̀, tí wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí, tí wọ́n á máa dá yín lóhùn láti ibẹ̀. Fèrèsé yẹn nìkan ti tó iṣẹ́ ṣe. Kọ̀mpútà ní ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé tó fún iṣẹ́ ọnà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ṣókùnkùn. Kí Waliyat gbé máṣíìnì rẹ̀ sí ìdí fèrèsé, ká wá fi gílóòbù sí ẹ̀yìn.

Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn, ẹ má fi ṣàwàdà: ṣé nǹkan kan ti yí padà nínú ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà tí mo ti lọ? Ohunkóhun tí mo bá sọ fún kọ̀mpútà ló máa gbà gbọ́.

Ọmọ yín,
Àánú.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ogúnjọ́ oṣù Kejì.

Ìyáàfin Oní-mọ̀nàmọ́ná,

O kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àwòrán dé. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀run lo yà ránṣẹ́ sí mi, kí n lè bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Ilẹ̀ ń dán, àjákù aṣọ kan ò sí nílẹ̀, ewúrẹ́ ò sí lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá ara mi títí, mi ò rí mi. Waliyat ní kọ̀mpútà kì í ya èèyàn bí wọn ò bá ní kó yà á. Ìwọ náà wá ya ṣọ́ọ̀bù télọ̀, o ò ya télọ̀! O ò tiẹ̀ fi fìlà mi kọ́ sórí ìṣó.

Fèrèsé yẹn mọ́lẹ̀ púpọ̀. Mo wò ó pẹ́.

O béèrè bóyá nǹkan kan ti yí padà. Kí ló fẹ́ yí padà? Ibi tí òrùlé ti ń jò náà ló ṣì ti ń jò. Èèyàn nìkan ló dín. Bí ìbéèrè mìíràn bá wà lọ́kàn rẹ, béèrè, mo wà nílé, mi ò lọ síbì kankan. Bí kò bá sí, máa fi gílóòbù ránṣẹ́.

Má gbàgbé áńkáṣíìfù funfun tí mo ní kí o rà fún mi lọ́jọ́ kìíní àná. Imú mi ṣì wà níbi tí o fi í sí.

Bàbá rẹ, tí kò sí nínú àwòrán.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹrin.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Mo pè lẹ́ẹ̀mejì, Waliyat ló gbé e. Ó ní ẹ wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Blessing, ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ nílé, ló gbé gílóòbù mẹ́ta náà dání. Wọn kì í gbóná, sólà kékeré tó wà lórí òrùlé yín á gbé wọn. Ẹ pe Saifudeen, oníná tó wà ní Sábó, kó wá kàn wọ́n. Ìwé kan wà nínú ẹrù tó fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa wà hàn. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé e bó ṣe wà. Ìkankan ò gbọdọ̀ sí lápá fèrèsé, torí oòrùn á kún un, á máa ta sí Waliyat lójú.

Mo fi àwòrán ṣọ́ọ̀bù wa han ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ó ní kí n wá sọ nípa rẹ̀ fún gbogbo wa níbi ìpàdé. Mo dúró níwájú wọn, mo ní oòrùn ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mo sì ní ìyá mi máa ń jókòó lẹ́yìn fèrèsé yìí. Mi ò dárúkọ Ìyá níbi iṣẹ́ rí.

Áńkáṣíìfù wà nínú ẹrù. Ẹ kọ̀wé o. Bí ẹ bá dákẹ́ báyìí, mi kì í mọ̀ bóyá ẹ ń bínú ni àbí ẹ ń rẹ́rìn-ín.

Àánú.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje.

Àánú,

O kú ojú lọ́nà. Áńkáṣíìfù dára, ó funfun ju ọkàn mi lọ.

Saifudeen ti kan gílóòbù. Ó ka ìwé rẹ, ó wo ògiri, ó wò mí. Ó ní, "Alàgbà, ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí náà ni?" Mo ní bí ọmọ mi ṣe kọ ọ́ ni kó ṣe é, kó má fi ọgbọ́n tiẹ̀ kún un. Mo ní kí Waliyat náà gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ síbi tí o sọ. Ní báyìí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí à ń kó àjákù aṣọ sí mọ́lẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Àjákù aṣọ ń jayé. Ibi tí Waliyat jókòó sí ló dà bí inú ìkòkò.

Ó fara dà á. O mọ̀ ọ́n, kì í da ọ̀rọ̀ àgbà nù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń ṣe ọrùn agbádá ọkọ ìyàwó kan, abẹ́rẹ́ máṣíìnì gba inú ìka tó fi ń tọ́ aṣọ kọjá, ó sì kán síbẹ̀. Ọ̀kadà ni mo fi gbé e lọ sọ́sibítù. Dókítà yọ ọ́, ó ní iṣan ìka náà ti já, pé ká ṣì máa wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ba agbádá jẹ́. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọkọ ìyàwó wọ̀ lọ ṣègbéyàwó, ó sì ní òun ò tún ní ya ẹnu ọ̀nà wa mọ́ láyé.

Bá mi bi kọ̀mpútà rẹ léèrè: oòrùn ìlú wo ló lò?

Gabriel Ọládépò, télọ̀ inú ìkòkò.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Keje.

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Mi ò lè kí yín jù báyìí lọ.

Waliyat fi fọ́tò ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kò ní kí n wo ẹ̀yìn òun, èmi ni mo rí i fúnra mi. Ògiri ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri gbalaja, tí wọ́n rẹ́, tí ibi tí fèrèsé wà tẹ́lẹ̀ ṣì hàn lára rẹ̀ bí àpá. Mo fi ìka fẹ fọ́tò náà títí. Kò sí fèrèsé.

Mo kọ ọ́ síwèé, Bàbá. Mo ní ẹ má fi ṣàwàdà. Mo béèrè bóyá nǹkan kan ti yí padà, ẹ ní èèyàn nìkan ló dín. Ẹ gbé ọmọ ọlọ́mọ jókòó sínú òkùnkùn torí kí ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí n dúró níwájú àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́, kí n máa ròyìn fèrèsé tí kò sí. Ṣé ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa? Ẹ̀jẹ̀ Waliyat náà ńkọ́, ṣé ó pa yín lẹ́rìn-ín?

Ta ló dí fèrèsé ìyá mi? Ìgbà wo ló dí i? Kí ló dé?

Àánúolúwapọ̀.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹsàn-án.

Àánúolúwapọ̀,

O kú ìbínú. Ó pẹ́ kí n tó fèsì torí mò ń kọ ọ́, mò ń fà á ya. Àwàdà pọ̀ jù nínú ti àkọ́kọ́, èébú pọ̀ jù nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tó ṣẹ́ kù rèé.

O ti béèrè nípa ògiri. O béèrè nípa fèrèsé. Ọdún mẹ́rin rèé tí ìyá rẹ ti kú, o ò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé níbo la tẹ́ ẹ sí.

Abẹ́ fèrèsé yẹn ni.

Àwọn ará ilé rẹ̀ gbé ọkọ̀ wá láti Ọ̀yọ́. Bámgbóṣé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ọmọ àwọn ni, ilé bàbá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sùn sí. Mo ní ìyàwó mi ni. Ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń fa ọ̀rọ̀ náà, òkú wà nínú mọ́tò, àlùfáà ń bẹ̀ wá ká má pariwo. Mo sọ ohun tí Comfort ìyá rẹ sọ fún mi nígbà tó ń ṣàìsàn fún wọn, pé ká má gbé òun lọ síbi tí òun ò ti ní máa gbọ́ máṣíìnì. Wọ́n ní àwàdà mi náà ni. Ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mọ́tò ni wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

A gbẹ́ ilẹ̀ síbi tí àpótí ìjókòó rẹ̀ máa ń wà, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo gbójú sókè, erùpẹ̀ pupa ni mo rí. Mi ò lè rán ìlà kan. Mo ní kí wọ́n wá fi bíríkì dí i. Láti ọjọ́ náà ni ṣọ́ọ̀bù ti ṣókùnkùn.

Nígbà tí àwòrán rẹ dé, Waliyat ní, "Bàbá, ẹ sọ fún Àǹtí Àánú o." Mo ní, "Kí n sọ kí ni? Ṣé òun ò lẹ́nu tó fi máa béèrè ni?" Ó ní, "Bàbá, wọ́n máa gbé iná síbi tí kò yẹ." Mo ní bó bá fi lè sọ ọ́ fún ẹ, kó di ẹrù rẹ̀, kó máa lọ s'Ọ̀yọ́. Mo fẹ́ wo bí o ṣe máa wo fèrèsé yẹn pẹ́ tó, kí o tó béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. O wò ó lóòótọ́. O wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kọkànlá.

Bàbá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi náà fa tèmi ya.

Mo rò pé Ọ̀yọ́ ni. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹni tó ń gbé fóònù fún mi wà. Ohùn Bàbá Bámgbóṣé ni mo gbọ́ kẹ́yìn: "Ọ̀yọ́ là ń gbé e lọ." Lẹ́yìn ìyẹn, ojú fóònù dúdú. Ta ló pè mí padà láti sọ fún mi pé wọn ò gbé Ìyá lọ mọ́? Lọ́dọọdún, bó bá ti ku díẹ̀ kí Kérésì dé, mo máa ń fi owó ọ̀dà funfun ránṣẹ́ sí Bàbá Bámgbóṣé l'Ọ̀yọ́, kí wọ́n bá mi fi kun ibojì. Wọ́n á ní, "Ó ń dán, ọmọ mi. Ó ń dán."

Ìdí tí mi ò fi béèrè nìyẹn. Ìdí tí mi ò fi wá síbi ìsìnkú ńkọ́? Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo pè yín, mo ní mò ń bọ̀. Ẹ ní, "Kí lo fẹ́ wá ṣe? Ṣé o fẹ́ jí i dìde ni? Jókòó síbi iṣẹ́ rẹ, jàre." Mo gbọ́ tí àwọn tó wà lọ́dọ̀ yín rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo dá tíkẹ́ẹ̀tì padà. Waliyat nìkan kọ́ ni kì í da ọ̀rọ̀ yín nù.

Mo ti tún ṣọ́ọ̀bù yà. Èmi fúnra mi ni mo dí fèrèsé náà nínú kọ̀mpútà. Iṣẹ́ tí kò le rárá ni, ó sì gbà mí lọ́jọ́ púpọ̀. Gbogbo yàrá wá dúdú lójú mi bó ṣe dúdú lójú Waliyat. Gílóòbù mẹ́rin mìíràn ń bọ̀. Ọ̀kan á wà lápá òsì máṣíìnì rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí òjìji ọwọ́ rẹ̀ má bàa bọ́ sórí abẹ́rẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí.

Mo tún ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò rán mi. Mo ya ibojì Ìyá sẹ́yìn ògiri náà, mo sì ní kí kọ̀mpútà fi ìgbà tí oòrùn ń dé ọ̀dọ̀ wọn hàn mí. Ó ní láàárọ̀ ni, bó bá ti yọ lókè òrùlé ilé kejì, orí wọn ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Mo jókòó, mò ń wò ó bó ṣe ń rìn láti orí wọn dé ẹsẹ̀ wọn. Bàbá, ẹ má fi eléyìí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

Àánú.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kìíní, 2026.

Àánú,

O kú ọdún tuntun. Ọyẹ́ ti dé, ẹ̀rín mi ti tún di ìdajì.

Mo lọ s'Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba iwájú ilé Bámgbóṣé kọjá. Ilé náà funfun débi pé mo fọwọ́ bojú. Lọ́dọọdún ni mo máa ń wò ó, tí mo máa ń sọ pé ọkùnrin yìí mà ń rí ṣe o. Mi ò mọ̀ pé ibojì ìyàwó mi ló ń gbé. Mo kí i, mo ní, "Bámgbóṣé, òkú yín mà ń dán." Ó ní, "Òkú wo?" Mo ní, "Èyí tí kò sí lọ́dọ̀ yín." Ó wọlé, kò jáde mọ́. Má fi owó ọ̀dà ránṣẹ́ mọ́, àfi bí o bá fẹ́ kó kun àjà náà.

Torí Waliyat ni mo ṣe lọ, ó ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìka rẹ̀ ò ká mọ́. Ó nà gbọnrangandan bíi ti ẹni tó ń júwe ọ̀nà. Ó ń bá ìyá rẹ̀ ta ọṣẹ báyìí. Mo ní kó padà wá, mo ní iná ti dé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Iná ọ̀hún ti pẹ́." Kò bínú. Bó bá bínú, ì bá sàn fún mi. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí o rán mi, ó ní òun ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Kò sọ nǹkan kan nípa tèmi, mi ò sì béèrè.

Saifudeen, tó ń bá mi fi lẹ́tà ránṣẹ́ báyìí, ti kan gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n dára, mi ò ní parọ́. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí abẹ́rẹ́ bí o ṣe wí, òjìji ọwọ́ ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ gan-an ò sí níbẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń jókòó síbẹ̀, mò ń tún sípù ṣe. Ṣọ́ọ̀bù ti wá rí bí èyí tí o kọ́kọ́ yà wẹ́kú: ilẹ̀ ń dán, kò sí èèyàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ oòrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn kì í dé orí ìyá rẹ. Mo gbin igi máńgòrò kan síbẹ̀ lọ́dún tó kú, ó ti ń bá òrùlé dọ́gba báyìí. Abẹ́ òjìji ló wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. O mọ̀ pé kò fẹ́ràn kí oòrùn máa pa òun.

Mi ò ní sọ bí igi náà ṣe ga tó fún ẹ, mi ò sì ní sọ ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ yà sí. Wá wò ó.

Ohun tí mo sọ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, àwàdà ni. Mo rò pé o mọ̀. Mò ń retí rẹ títí wọ́n fi bo ilẹ̀. Èyí tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n báwo ni ìwọ ṣe fẹ́ mọ̀?

Bàbá rẹ,
Gabriel Ọládépò.